Wáyà Ṣáájì Tó Yọ́ Lára Alùpùpù Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Rẹ̀ Kí A Tó Tún Un Ṣe

Bí wáyà ṣáájì bá yọ́ lára alùpùpù àtijọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà ń ṣe ni pé wọ́n á gé ibi tó jó kúrò, wọ́n á lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi tépù dúdú wé e, máṣíìnì á sì jáde. Kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ á tún jó, tàbí kí kọ́ìlì tó ń pèsè iná, tàbí rẹ́kítífáyà tó ń sọ iná náà di èyí tí bátìrì lè gbà, tẹ̀lé e lọ. Ibi tí wáyà ti yọ́ ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń sọ kí a tó gé e dànù.

Máṣíìnì tí à ń sọ ni àwọn tí wọ́n ṣe ní Japan láti nǹkan bí 1976 títí dé ìparí àwọn ọdún 1990, tí wáyà mẹ́ta jáde láti inú kọ́ìlì wọn: Suzuki GS, Honda CBR600 àti VFR750, àti irú wọn láti ọwọ́ Yamaha àti Kawasaki. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọ̀ yẹ́lò ni wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọ̀kadà kékeré 100 àti 125 kì í sábà ní wáyà mẹ́ta báyìí, nítorí náà iye tí mítà (ohun tí a fi ń wọn iná) máa kọ lórí kọ́ìlì tiwọn yàtọ̀ sí èyí tí a kọ síbí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a sọ nípa ìpàdé wáyà, bọ́dì (irin ara máṣíìnì tó so mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì) àti fíùsì kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Ìdí tí wáyà yẹ́lò fi máa ń kọ́kọ́ jó

Mágínẹ́ẹ̀tì wà lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, ó ń yí. Kọ́ìlì dúró gbọin sínú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, òun kì í yí. Bí mágínẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí ni kọ́ìlì ń pèsè iná AC, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, iná náà á sì gba wáyà yẹ́lò mẹ́ta lọ sínú rẹ́kítífáyà. Dáódù mẹ́fà, tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju ọ̀nà kan lọ, ló wà nínú rẹ́kítífáyà tó ń sọ AC di DC, iná tó ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí bátìrì lè gbà. Ibẹ̀ náà ni ohun tó ń kó iná níjàánu wà, kó má bàa se bátìrì.

Bó ṣe ń kó iná níjàánu ló yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Rẹ́kítífáyà àtijọ́ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ iná tó pọ̀ jù. Ńṣe ló ń so wáyà yẹ́lò mọ́ bọ́dì, kí iná tí bátìrì kò nílò lè yí padà sínú kọ́ìlì tó ti wá. Nípa bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì kì í sinmi. Ẹ tan iná iwájú o, ẹ pa á o, wáyà yẹ́lò ń ru nǹkan bí áḿpù 15 sí 25 lórí máṣíìnì ńlá níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré. Ẹni tó bá ní òun á máa pa iná iwájú kí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò (ibi tí wáyà yẹ́lò kọ́ìlì ti pàdé ti rẹ́kítífáyà) lè tutù ń ṣe wàhálà lásán.

Wàyí o, ẹ wo irin pẹlẹbẹ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Fífún tí irin kan fún èkejì mọ́ra ló ń gbé iná kọjá. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n ọ́n, omi ń wọ̀ ọ́, ọdún ń gorí ọdún, ó ń dípẹtà. Ká ní ìpẹtà náà dá ìdínà tí kò ju 0.1 óòmù lọ sílẹ̀. Bí áḿpù 20 bá ń kọjá níbẹ̀, ooru tó máa yọ jẹ́ 20 lọ́nà 20 lọ́nà 0.1, èyí tó jẹ́ wáàtì 40. Irin tí oníṣẹ́ rédíò fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì kì í sábà ju wáàtì 40 lọ. Ẹ wá rò ó wò kí irú irin bẹ́ẹ̀ máa gbóná nínú ike tí kò ju ìka méjì lọ. Ooru náà á mú kí irin dẹ̀, kò ní lè fún èkejì mọ́ra mọ́, ìpẹtà á pọ̀ sí i, ooru á tún lé. Bó ṣe ń yí po nìyẹn títí ike á fi yọ́.

Ẹ wo ibi tó ti yọ́

Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, nẹ́gétíìfù ṣáájú, pọ́sítíìfù tẹ̀lé e. Ẹ fi fóònù ya bí wáyà ṣe wà kí ẹ tó tú ohunkóhun. Ẹ tú tépù tó wé wáyà pọ̀ láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé rẹ́kítífáyà, àti láti rẹ́kítífáyà dé bátìrì, gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: wáyà tó yọ́ sábẹ́ tépù lè ti lẹ̀ mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì tàbí wáyà iná ẹ̀yìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì mọ̀ títí yóò fi bíríìjì (kí iná máa gba ibi tí kò yẹ kọjá) lójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò nìkan ló jó, ẹ gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ihò kan nínú mẹ́ta ló máa burú ju àwọn yòókù. Ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti pọ́n bíi tíì tó ṣú, á wú díẹ̀, irin inú rẹ̀ á sì ti ní àwọ̀ aró bíi ti irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iná alágbẹ̀dẹ. Ẹ fi ìka tẹ wáyà náà láti ibẹ̀ lọ. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 àkọ́kọ́ á le gbagidi bí igi gbígbẹ, lẹ́yìn ìyẹn á rọ̀. Líle tó tètè parí bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ẹnu ìpàdé ni ooru ti wá. Kọ́ìlì àti rẹ́kítífáyà lè ṣì dára, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n wọ́n.

Bí wáyà bá le láti òkè dé ilẹ̀, tí rọ́bà rẹ̀ yọ́ ní gbogbo gígùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹnu ìpàdé. Iná tó pọ̀ ju agbára wáyà lọ ló gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ wáyà pupa tó ti rẹ́kítífáyà lọ sí bátìrì ni, ẹ fura sí mẹ́ta: dáódù inú rẹ́kítífáyà ti bíríìjì, tàbí wáyà náà ti ha mọ́ férémù tí bàbà rẹ̀ ń kan irin, tàbí ẹnì kan ti gbé orí bátìrì sódì rí. Bátìrì tó bá wọlé sódì máa ń da iná gba inú dáódù kọjá lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìdíwọ́. Bí fíùsì kò bá sí lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó láti sun wáyà náà.

Ilé fíùsì tó yọ́ láìjẹ́ pé fíùsì já, ìdìmú tó dẹ̀ ló fà á, bíi ti sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò gẹ́lẹ́. Fíùsì onígíláàsì ti àwọn máṣíìnì àtijọ́ ló burú jù níbí. Bákan náà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wọ orí rẹ́lè sítátà (súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná fún sítátà) lórí àwọn Honda ọdún 1990: wáyà pupa ńlá ibẹ̀ máa ń jó ike rẹ̀. Ẹni tó bá ń tún Honda ṣe tí kò yẹ ibẹ̀ wò kò tíì parí iṣẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti fi bàbà wé fíùsì, tàbí ó fi fíùsì áḿpù 40 sí ibi tí áḿpù 30 yẹ kó wà, ẹ ti rí apá kan nínú ìdáhùn. Fíùsì ló yẹ kó kọ́kọ́ kú. Bí ẹ bá fún un lágbára ju wáyà lọ, wáyà ló máa kú dípò rẹ̀.

Ẹ wọ̀n bátìrì ṣáájú

Bátìrì tí ẹ̀ka kan ti kú nínú rẹ̀ máa ń fa iná láìdúró, á sì mú kí gbogbo wáyà gbóná. Ẹ ṣáájì rẹ̀ níta, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán, kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bátìrì 12 tó yè kooro máa ń kọ 12.6 sí 12.8 fólítì. Ẹ dá a padà, ẹ ta sítátà, ẹ wo mítà: bó bá já sísàlẹ̀ 10 fólítì, ẹ má tíì dá wáyà lẹ́bi, ẹ wá bátìrì mìíràn. Kò sí ìwọ̀n kankan lẹ́yìn èyí tó máa jóòótọ́ bí bátìrì bá ti bàjẹ́.

Kọ́ìlì: ìwọ̀n mẹ́ta

Ẹ gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jó kúrò, kí ẹ ha ẹnu wáyà yẹ́lò mẹ́ta tó ti ẹ́ńjìnnì wá títí bàbà á fi dán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn.

Ìkínní, óòmù láàrin wáyà kan sí èkejì. Ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu mítà méjèèjì mọ́ra, ẹ rántí iye tó kọ, nítorí wáyà mítà fúnra rẹ̀ lè mú 0.1 sí 0.3. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ohun tó bá kọ lórí kọ́ìlì. Lẹ́yìn ìyọkúrò, nǹkan bí 0.2 sí 1 óòmù ló yẹ kó kù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára dọ́gba.

Ìkejì, wáyà yẹ́lò kọ̀ọ̀kan sí irin ẹ́ńjìnnì. Kò gbọ́dọ̀ sí ìkànra rárá. Bí mítà bá kọ nǹkan kan, bó ti wù kó kéré mọ, kọ́ìlì ti kan bọ́dì, ó ti kú nìyẹn.

Ìkẹta ló máa ń tú àṣírí. Ẹ yí mítà sí AC, ẹ gbé e sí 200 fólítì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìso wáyà yẹ́lò mọ́ nǹkan kan, kí ẹ gbé e lọ sí ìyípo 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Láàrin wáyà méjì sí méjì, ẹ retí nǹkan bí 50 sí 80 fólítì, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn ju fólítì mélòó kan lọ. Iná yẹn lè gbé èèyàn. Ẹ má fọwọ́ lásán di bàbà rẹ̀ mú. Bí méjì nínú ìwọ̀n mẹ́ta bá kú tí ọ̀kan sì pé, wáyà tó wọ inú ìwọ̀n méjèèjì tó kú yẹn ni ẹ̀ka rẹ̀ ti já. Bí méjì bá kàn lọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ 68, 45, 44, ẹ̀ka kan ti bíríìjì nínú ara rẹ̀.

Kọ́ìlì mìíràn máa ń yè nígbà tó tutù, kó sì kú nígbà tó bá gbóná. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Bí kọ́ìlì bá ti kú, ẹ tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ fa ọ́ìlì sílẹ̀ tàbí kí ẹ fi máṣíìnì gbára lé òdìkejì, kí ẹ sì ṣọ́ ìka yín, torí mágínẹ́ẹ̀tì máa ń fa ìdérí padà pẹ̀lú agbára. Kọ́ìlì tó yè máa ń ní àwọ̀ oyin. Èyí tó jó á dúdú, á máa rún bí èédú. Ẹni tó bá máa wé tuntun gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí wáyà yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan po, kó sì wọn ìnípọn wáyà àtijọ́. Ẹsẹ̀ 18 ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wáyà tí ọ̀dà rẹ̀ lè fara da ooru dígírì 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó lò. Wáyà fáànù ilé kò ní pẹ́ nínú ọ́ìlì gbígbóná.

Rẹ́kítífáyà

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára wáyà gbogbo, kí ẹ gbé mítà sí ibi tí wọ́n ti ń wọn dáódù. Ẹ fi ẹnu pupa mítà kan yẹ́lò kan, kí ẹ fi ẹnu dúdú kan wáyà pupa tó ń jáde lọ sí bátìrì: nǹkan bí 0.4 sí 0.7 ló yẹ kó kọ. Ẹ pa wọ́n dà: kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan kan. Ẹ ṣe yẹ́lò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi ẹnu pupa mítà kan wáyà bọ́dì rẹ́kítífáyà, ìyẹn aláwọ̀ ewé lórí Honda, dúdú onílà funfun lórí Suzuki, kí ẹnu dúdú kan yẹ́lò kọ̀ọ̀kan: 0.4 sí 0.7 náà ni. Ẹ pa á dà: òfo. Bí èyíkéyìí bá kọ òdo tàbí sún mọ́ òdo lọ́nà méjèèjì, dáódù yẹn ti bíríìjì, kò sí àtúnṣe fún un.

Kí ẹ tó dé ìdí mítà pàápàá, àmì kan wà: bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní pípa, tí orí bátìrì ṣì ń ta pàrà nígbà tí ẹ ń so ó, tàbí tí wáyà pupa ń gbóná lórí ìdúró, rẹ́kítífáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Dáódù lè yè kí apá tó ń kó iná níjàánu ti kú. Ìyẹn kì í hàn àfi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, a ó dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má kàn ra irú àtijọ́ bí ọ̀nà míì bá wà. Ilé-iṣẹ́ Shindengen ń ṣe rẹ́kítífáyà FH020AA, tó ń fi MOSFET (irú tíránsísítọ̀ kan) kó iná níjàánu. Kì í gbóná tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dá iná padà sínú kọ́ìlì. SH775 tiwọn yàtọ̀: òun máa ń já ọ̀nà iná nígbà tí bátìrì bá ti yó, kọ́ìlì á sinmi, wáyà yẹ́lò á tutù. Fún máṣíìnì tí kọ́ìlì rẹ̀ ti dàgbà, SH775 la fara mọ́ jù. Tòkunbọ̀ rẹ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn ju ayédèrú tuntun lọ, àmọ́ ẹ wọn dáódù rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Títún wáyà náà ṣe

Ẹ gé wáyà padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí bàbà tó ń dán yanran. Bàbà tó bá dúdú nínú, kò sí ohun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ẹ gé e sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gé e sún mọ́ rọ́bà ẹnu ẹ́ńjìnnì jù, kí ibi tí ẹ ó ti so ó pọ̀ má bàa wà nínú ooru.

Fún yẹ́lò, wáyà 2.5 mìlímítà onígun mẹ́rin (mm²) tó ní ọ̀pọ̀ fọ́nrán tín-ín-tín ló dára. Fún wáyà pupa àti ti bọ́dì, ẹ lo 4 mm². Wáyà 2.5 tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé kò bá iṣẹ́ yìí mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n kọ sí i lára. Irin rẹ̀ le, ìgbọ̀nrìrì máa ń já a, ooru dígírì 70 sì ni rọ́bà rẹ̀ mọ. Wáyà mọ́tò tàbí èyí tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ sílíkóònù ni kí ẹ wá.

Ìpàdé tó dára jù fún wáyà yẹ́lò ni kí sọ́kẹ́ẹ̀tì má sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ẹ gé wáyà mẹ́ta náà ní gígùn tó yàtọ̀ síra, kí ìpàdé ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 jìnnà sí ti èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní kórajọ sójú kan, bí rọ́bà ọ̀kan bá sì lù, kò ní rí èkejì kàn. Ẹ ti rọ́bà asúnkì tó ní gọ́ọ̀mù nínú sórí wáyà ṣáájú, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé títí wọ́n á fi parí. Ẹ bó rọ́bà wáyà ní mìlímítà 8, ẹ ti gbogbo fọ́nrán wọ inú túùbù bàbà ìsowáyà láìfi ọ̀kan síta, kí ẹ fi púláyà tí wọ́n dìídì ṣe fún fífún ẹnu wáyà fún un pa. Púláyà lásán kàn máa tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ ni, àyè á ṣì wà láàrin fọ́nrán. Ẹ di méjèèjì mú, ẹ fà á pẹ̀lú agbára. Bó bá yọ, ìyẹn ni ì bá yọ lójú ọ̀nà. Bí kò bá yọ, ẹ fa rọ́bà bò ó, kí ẹ fi ooru sún un kì títí gọ́ọ̀mù á fi yọ jáde létí méjèèjì.

Wáyà yẹ́lò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ipò. Èyíkéyìí tó ti kọ́ìlì wá lè wọ èyíkéyìí tó lọ sí rẹ́kítífáyà, AC ni gbogbo wọn.

Lẹ́ẹ̀dì nìkan kò tó. Ó máa ń yọ́ kí ooru tó dé dígírì 190, nítorí náà bí ibẹ̀ bá tún gbóná, ìpàdé á tú. Ó tún máa ń fà sínú fọ́nrán, á sọ wáyà di líle, ibi tí líle náà parí sí ni ìgbọ̀nrìrì á ti já a. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ́ẹ̀dì, kó fún ẹnu wáyà pa ná, kó tó kán díẹ̀ sí i.

Àwọn tó ní Suzuki GS ti ìparí àwọn ọdún 1970 ní iṣẹ́ kan sí i. Ilé-iṣẹ́ mú ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta kọ́ìlì gba súwíìṣì iná iwájú lọ kó tó padà wá sí rẹ́kítífáyà, kí ẹ̀ka yẹn má ṣiṣẹ́ nígbà tí iná iwájú bá wà ní pípa. Ọ̀nà jíjìn ni, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pọ̀, ó sì ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ já a kúrò, ẹ so wáyà kọ́ìlì náà tààrà mọ́ rẹ́kítífáyà, kí ẹ fi rọ́bà dí ẹnu wáyà méjèèjì tó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́dì wá kàn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹni tó tún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe tó fi bọ́dì tó dípẹtà sílẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò níbi tí rẹ́kítífáyà jókòó sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ fa wáyà bọ́dì rẹ̀ tààrà lọ sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Kí wáyà pupa náà lọ tààrà sí pọ́sítíìfù, kí fíùsì pẹlẹbẹ 30 wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kó má jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Rẹ́kítífáyà gbọ́dọ̀ wà níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i lára. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí àárín ìyẹ́ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́.

Wáyà dúdú tín-ín-rín kan wà lára rẹ́kítífáyà àwọn Honda mìíràn, tó ń wo iye fólítì máṣíìnì láti ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́. Bí súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ bá ti dọ̀tí tí wáyà yìí ń pàdánù fólítì 1 lójú ọ̀nà, rẹ́kítífáyà á rò pé ebi ń pa bátìrì, á sì máa da iná sí i títí á fi kọjá 15. Ẹ lè máa pààrọ̀ rẹ́kítífáyà títí ilẹ̀ á fi ṣú, àìsàn náà kò ní lọ.

Ìdánwò lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ so bátìrì padà, pọ́sítíìfù ṣáájú. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ má sì ṣe yọ orí bátìrì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, torí fólítì tó máa fò sókè lè pa gílóòbù, CDI (àpótí tó ń darí iná plọ́ọ̀gì) àti rẹ́kítífáyà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìyípo 5,000, kí ẹnu bátìrì kọ láàrin 13.8 sí 14.5, kó má kọjá 14.8. Bí kò bá kúrò ní 12.6, iná kò dé ibẹ̀. Bó bá kọjá 15, apá tó ń kó iná níjàánu ti kú, tàbí wáyà tín-ín-rín tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń tàn án jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ìwọ̀n tí àwọn tó yára máa ń fò. Ẹ tan iná iwájú, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí nǹkan bí 3,000. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan ibi tí wáyà pupa ti jáde lára rẹ́kítífáyà, kí ẹ fi èkejì kan pọ́sítíìfù bátìrì. Ohun tó bá kọ ni iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Kò yẹ kó ju 0.2 fólítì lọ. Ẹ ṣe bákan náà láti ara rẹ́kítífáyà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Bí áḿpù 15 bá ń kọjá tí ẹ sì rí 0.5, wáàtì 7.5 ń jó síbì kan láàrin ibẹ̀. Ẹ máa sún ẹnu mítà mọ́ ara wọn, láti ìpàdé dé ìpàdé, títí ẹ ó fi mú ibẹ̀ gan-an.

Ẹ gun máṣíìnì náà fún ìṣẹ́jú 20, ẹ dúró, ẹ pa á, kí ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan gbogbo ìpàdé tuntun, ilé fíùsì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ́lè sítátà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Èyí tí ẹ kò bá lè fi ìka sí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹ tú u kí ẹ tún un fún. Ẹ tún ṣe ìdánwò ìka yìí nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.